Ohun Tí A Yọ Lára Calandria

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún, 1998

Eduviges wá sí ibi iṣẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Kò jókòó. Opó Anselmo ni, ìyàwó ilé àwọn Zubiaurre ní oko La Espera. Ó ní abo ẹṣin àwọn ti di akọ. Mo ní báwo. Ó ní kí n má fi òun rẹ́rìn-ín — ó ń bú bí akọ, ó ń gun àwọn abo ẹṣin aládùúgbò, ó ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ jọ sójú kan bí akọ ṣe máa ń ṣe, ó sì ń fi eyín lé àwọn ẹṣin ọ̀dá mọ́kànlá tó ń tẹ̀ lé e kiri pápá.

Calandria ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ìyá agbo. Ọrùn rẹ̀ ni agogo wà, ibi tí agogo bá sì dún sí ni àwọn ọ̀dá máa ń lọ. Anselmo ló fi ọdún méjì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn aláwọ̀ kan náà, ìlà dúdú kan lẹ́yìn oníkálukú. Oṣù Kẹjọ tó kọjá, nígbà omíyalé, odò gbé Anselmo lọ. Ẹṣin tó gùn padà wálé pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn. Òun ò padà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Ibojì kan wà ní itẹ́ òkú tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí kókó ti dàgbà nínú ilé-ẹyin abo ẹṣin náà. Mo ti rí irú ẹ̀ mẹ́ta rí láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe dókítà ẹranko. Tí kókó bẹ́ẹ̀ bá mú abo, á bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà akọ. A máa ń gé e kúrò ni. Ó wá ní: "Bàbá ọkọ mi ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, Dókítà. Bàbá ní Anselmo ni."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7

La Espera. Ìrì dídì funfun lórí koríko títí aago mẹ́wàá. Baba Gogoro — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe Don Evaristo, bàbá Anselmo, bẹ́ẹ̀ — gbé máté, tíì ewé tí a máa ń mu níbí, fún mi, kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ṣì ga ju ìlẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ lọ. A jẹ ẹran bíbọ̀ àti ọ̀dùnkún. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé lọ sùn bí wọ́n ṣe máa ń sùn lọ́sàn-án. Èmi kì í sun oorun ọ̀sán. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń fi wákàtí yẹn dẹ́rù bà wá, pé ẹni tó bá jáde nígbà tí àgbà bá ń sùn á pàdé ohun tí kò wá. N ò gba irú ẹ̀ gbọ́. N ò gbà á gbọ́ nígbà yẹn náà.

Agogo dún lọ́nà jíjìn. Ó sún mọ́lé. Ó dákẹ́.

Mo rìn lọ wo yàrá Anselmo. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Orí abo ẹṣin wà nínú yàrá títí dé ọrùn. Kò jẹ nǹkan kan. Kò fi imú gbọ́ òórùn nǹkan kan. Ó kàn ń wo bẹ́ẹ̀dì. Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì náà, fìlà lórí orúnkún, bí ẹni tó lọ kí èèyàn. Èémí ẹṣin náà ń rú bí èéfín láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi pátákò gbá ògiri níta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá ní, jẹ́ẹ́jẹ́: "Mo ti jí. Mo ti jí."

Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú ò tì í. Ó ní láti kékeré ni Anselmo ti máa ń gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó bá fẹ́ jí òun lójú oorun ọ̀sán.

Ẹṣin tí inú ń run máa ń fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo fi kún àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀: *inú rírun, bóyá.*

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo lálàá fèrèsé. Wàràkàṣì tí mo jẹ kí n tó sùn ló fà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Àrékérekè ni, mo gbà. Eduviges ló rán Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ìlú, a sì yẹ ẹṣin wò lẹ́yìn rẹ̀. A tì í wọ àhámọ́ onígi tóóró tí wọ́n ti ń tọ́jú màlúù. Gbogbo èèyàn ló ti bù jẹ láti oṣù méjì, mo sì múra sílẹ̀ fún eyín rẹ̀. Kò bù mí jẹ. Ó yí ojú padà, ó wò mí, ó sì dúró.

Ìbọ̀wọ́ gígùn dé èjìká, mo gba ìdí wọlé. Ilé-ẹyin ọ̀tún ti rọ, ó kéré, ó le bí èso ólífì tó gbẹ. Èkejì ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Mo wá òsì. Mo rí i kíákíá, n ò sì rí ìparí rẹ̀. Ó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Ó wúwo, ó sọ̀ kalẹ̀, iṣan tó so ó rọ̀ ti fà gùn. Mo fi ẹ̀rọ àwòrán wò ó — yàrá dúdú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí afárá oyin. Kò sí iyèméjì. Mo fa ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí Buenos Aires.

Ohun tí n ò fẹ́ràn: àwọn ọ̀dá. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá tò yí àhámọ́ náà ká, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n kọjú síta. Wọn ò jẹko. Eduviges ní: "Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá a lódò. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí omi." Mo ní kó jọ̀wọ́ kó mú okùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá pé a ti yẹ ẹṣin náà wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé á lé mi jáde. Ó béèrè pé: "Kí lo bá nínú rẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ẹni tó gbọ́n, nítorí ó gbọ́n. Pé ẹran kan ló hù níbi tí kò yẹ kó hù, tó ń da èròjà akọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bíbú, ẹran náà ni. Ìgbẹ́ tó ń kó jọ, ẹran náà ni. Lílé àwọn ọ̀dá, gbígbá ògiri, òun náà ni. Ó ń gbọ́, ó ń yí ife máté lọ́wọ́.

"Fèrèsé ńkọ́?"

Mo ní ó dájú pé Anselmo máa ń fún un ní búrẹ́dì láti ibẹ̀. Eduviges ò yíjú kúrò nídìí sítóòfù. "Dókítà, ìṣó ni Anselmo fi kan fèrèsé yẹn pa láti ọdún tí a ṣègbéyàwó. Ó ní atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Èmi ni mo yọ ìṣó kúrò lẹ́yìn tó lọ."

Mo mu máté mi, ó ti tutù.

Mo wá sọ èyí tó le fún un. Pé kókó náà á máa wúwo sí i, á fa iṣan ẹ̀jẹ̀ já lọ́jọ́ kan, Calandria á sì kú lórí ìdúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó ní: "Tó bá kú sínú pápá mi, ó kéré tán, mo mọ ibi tó wà."

Mo bínú délé. Ta ni mo ń bínú sí? N ò mọ̀. Odò, bóyá.

Ọjọ́rú, 20

Òjò. Èsì ẹ̀jẹ̀ dé: èròjà akọ inú rẹ̀ ga tó ti akọ ẹṣin gidi. Mo pe Bàtà Dídán ní Tandil — ọ̀jọ̀gbọ́n ni báyìí, ṣùgbọ́n ìjókòó kan náà la jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́, bàtà rẹ̀ ló sì fi ń gba máàkì. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Delfina, má jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e o. Odindi ni mo fẹ́ kó wá, fún àpótí gíláàsì wa." Mo ní kò tíì sí nǹkan tí a fẹ́ gé. Ó ní, "Bàbá àgbà kan lásán ló ń dí ẹ lọ́wọ́?" Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Eduviges pè mí lọ́sàn-án. Calandria ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé. Òógùn bò ó nínú òtútù, ó ń kérora, kì í ṣe bíbú mọ́. Mo fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, a mú un rìn yí ilé ká fún wákàtí méjì, ara rẹ̀ rọ̀.

Bàbá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ó parí, ó dì mí lápá. Ó ní: "Mo ti rí i báyìí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wà níbẹ̀. Ó há ni. Ó há síbẹ̀ bó ṣe há sódò." Omi wà lójú rẹ̀. "Yọ ọ́ jáde, Delfina."

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, mo lè tún un sọ. Ṣùgbọ́n ẹṣin á kú tó bá tún yí ọkàn padà. Mo ní: "Màá yọ ọ́ jáde, Bàbá." Ojú ń tì mí. Mo ṣì máa tún un sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹfà

Ìdójútì gbáà. Òní la fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Bàtà Dídán ti dé pẹ̀lú gbogbo irin rẹ̀.

Ẹṣin tí a máa là lórí ìdúró gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ kan ààbọ̀, kí ìfun má baà kún dí wa lọ́wọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé la ti há a mọ́ inú ọgbà tí kò ní koríko. Àwọn ọ̀dá ò kúrò nídìí ọgbà náà, wọ́n ń fi àyà ti wáyà. Eduviges wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni níbí á ṣe: ó tú agogo kúrò lọ́rùn Calandria, ó gbé e kọ́ abo ẹṣin funfun kan lọ́rùn, ó sì fà á lọ sí pápá tó jìnnà. Mẹ́jọ tẹ̀ lé agogo. Mẹ́ta dúró ti Calandria. Ó gbà pé ìyẹn náà dára.

Lánàá, wákàtí oorun ọ̀sán, gbogbo ilé gbọ́ agogo ní pápá òkèèrè. Wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n sùn. Agogo la fi ń mọ ibi tí ìyá agbo wà, ta ló máa rántí pé ọrùn ẹlòmíràn ló wà? Calandria já wáyà, ó wá sójú fèrèsé láìdún, láìjí ẹnikẹ́ni. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rí i tó dé láìní agogo. Ó ní bí ọmọ òun ṣe máa ń wọlé ní gbẹ̀fẹ́ láìpariwo nìyẹn. Ó ní ebi ń pa á. Ó fún un ní búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ó fún un ní ààbọ̀ àpò ọkà.

Àárọ̀ òní ló tó jẹ́wọ́. Bàtà Dídán fẹ́ fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀. Ààwẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. A dá agogo padà sọ́rùn rẹ̀. Àga gígùn mi ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń sùn lé lórí báyìí, ó sì ń hanrun.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ó ti parí. Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe tò.

Aago mẹ́jọ, inú ahéré tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Oògùn ìtòògbé wọ̀ ọ́ lára, orí rẹ̀ so kọ́ nílẹ̀. A fá irun ìhà òsì, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, a gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora sí i tẹ̀léra tẹ̀léra. Bàbá ló mú okùn orí rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà Dídán fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wò ó, ó pa ẹnu dé.

Mo là á. Awọ, ẹran ara, ipele kejì, ipele kẹta, mo wọnú. Ìfun ti ṣófo, ọpẹ́ ni fún ààwẹ̀ kejì. Mo rí kókó náà níbi tí mo fi í sí. Mo fi oògùn ìrora sí iṣan tó so ó rọ̀, mo yí ẹ̀rọ onísẹ́ẹ̀nì tó ń fún iṣan títí á fi já ká a, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Díẹ̀díẹ̀. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ kánjú níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹṣin ti máa ń ṣẹ̀jẹ̀ kú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ó bú. Ẹṣin tí oògùn yẹn wà lára rẹ̀ kò lè gbórí sókè, ká má tíì sọ pé á bú. Ó bú bí akọ, gígùn, láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo sì gbọ́ ọ nínú apá mi tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dá dá a lóhùn níta. Sẹ́ẹ̀nì yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò mí títí dé ìgúnpá. Bàtà Dídán — mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ — ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó pariwo, ó sì di iṣan náà mú pẹ̀lú irin. A so ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ dúró.

Mo la ojú ọgbẹ́ gbòòrò sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde.

Bàbá ní: "Ó ti jáde?" Mo ní ó ti jáde. Ó tẹ́tí. Ó ní: "Kò sunkún."

Bàtà Dídán rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ilẹ̀.

Nígbà tí a ń rán an, mo gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dá ti tú ká. Wọ́n ń jẹko, oníkálukú sí apá ibi tó wù ú. Wọ́n ti dúró pẹ́, ebi ti pa wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Calandria jẹ koríko. Ara rẹ̀ ò gbóná. Kókó náà wà nínú garawa ní kọ̀rọ̀ yàrá iṣẹ́ mi, nínú omi oògùn tí kì í jẹ́ kó rà, ìdérí lórí.

Ọjọ́rú, 10

Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo ní "Káàárọ̀." Mo dúró. Kò sí èèyàn nínú yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Gbogbo ayé ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń yọ okùn ọgbẹ́ ní La Espera. Ọgbẹ́ ti jinná dáadáa. Calandria jẹ́ kí ọ̀dá kan fẹnu tọ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀. Bí irú ìwà akọ yẹn bá fẹ́ lọ, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló máa ń gbà, oṣù mélòó kan nígbà mìíràn. Tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Bàtà Dídán ní oríire ni. Kó jẹ́ oríire.

Mo dúró de wákàtí oorun ọ̀sán. Agogo ń dún ní pápá, kò sún mọ́lé. Bàbá wà létí bẹ́ẹ̀dì, fìlà lórí orúnkún, ó kọjú sí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì dùn mí débi pé mo fẹ́ lọ fa ẹṣin náà wá fúnra mi.

Kò yíjú padà. Ó ní: "Níbo lo gbé e sí?"

Mo ní ó wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ ní Tandil fẹ́ gbé e sínú àpótí gíláàsì. Kí ló ṣe mí tí mo fi sọ ìyẹn?

Ó dìde. Ó fi fìlà dé orí. "Ibojì kan wà tí mo gbẹ́ fún ọmọ mi. Oṣù mẹ́wàá ló ti ń dúró dè é. Gbé e wá fún mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ìjà lórí fóònù. Bàtà Dídán ní mo ti ṣèlérí. Mo ní èmi ò ṣèlérí, òun ló ń pàṣẹ. "O ti ń ya wèrè ní oko yẹn, Delfina. Ẹran ni! Ìwọ fúnra rẹ lo gé e!" Mo ní mo mọ̀ pé ẹran ni. Ó ní kí wá lẹran ń ṣe nínú ibojì? Mo ní kí ló ń ṣe nínú gíláàsì?

Lẹ́yìn náà ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, kí n gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, kí òun fi ẹ̀rọ wò ó bóyá yóò tún hù. Mo gé mẹ́rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo tọrọ àforíjì kí n tó gé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Tandil pè. Ohun tí a rò náà ni. Kò burú, kò tàn ká, kò ní padà hù. Calandria á yè, bóyá á tilẹ̀ bímọ lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní àlàyé, àfi fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ọ̀sán gan-an, bọ́ọ̀lù tún wà, kò sẹ́ni ní ìgboro. A ò sọ fún àlùfáà. Mo ti fọ oògùn kúrò lára rẹ̀ láàárọ̀, omi mẹ́ta, mo fi aṣọ àwọ̀lékè Anselmo tí Eduviges gbé wá wé e. Àpótí kékeré, Bàbá ló kàn án fúnra rẹ̀. Òun ló gbé e lórí ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀, kò jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́.

Eduviges àti èmi la tún ibojì Anselmo gbẹ́ ní itẹ́ òkú. Ilẹ̀ le. A gbé e sílẹ̀, a bò ó. Eduviges sunkún bí n ò ṣe rí i kó sunkún rí láti oṣù Kẹjọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe Anselmo ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Láti ìgboro, ariwo bọ́ọ̀lù ń jáde nínú ilé tí a ti tilẹ̀kùn wọn.

Bàbá dúró tì mí. Nígbà tó yá, ó ní: "Láti ọjọ́ tó lọ, nǹkan kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bí omi yẹn ṣe tutù tó." Ó wo ọwọ́ mi. "Ìwọ lo gbé e jáde. Ṣé ó tutù?"

Mo ní: "Rárá, Bàbá. Ó gbóná. Mo mọ̀ ọ́n láti inú ìbọ̀wọ́."

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó lọ gbé Eduviges dìde.

Òtítọ́ ni mo sọ fún un. Ohun tí n ò kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún nìyí: garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìdérí rẹ̀ ti ṣí, n kò sì tètè fi í sínú rẹ̀. Mo gbé e mọ́ àyà. Bàtà Dídán pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́.